Ilẹ̀kùn London, Ilẹ̀kùn York: Ọjọ́ Tí A Lọ sí The George ní Stamford

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ńlá lórí títì A1, èyí tó gba àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ láti London títí dé Edinburgh. Bẹ́ ẹ bá dárúkọ Grantham tàbí Newark tàbí Doncaster, wọ́n á júwe ilé epo tó wà níbẹ̀ fún yín, wọ́n á sọ èyí tí tíì rẹ̀ dára àti èyí tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé wọ̀. Ṣùgbọ́n Stamford, pátákó rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò yà síbẹ̀ rí. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Peterborough, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ wo ibi tí àwọn awakọ̀ àtijọ́ ti ń sinmi lójú ọ̀nà yín." Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ọjọ́ ìsinmi mi náà lo tún fẹ́ fi mí wo títì?" Ẹ̀gbọ́n bá mi lọ ṣá, nítorí mo ti ní èmi ni màá san owó ọkọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin kò lò ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ láti Peterborough. Ibùdókọ̀ Stamford fúnra rẹ̀ tó wò. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ ní 1848, wọ́n ṣe é bí ilé àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́, ó ní ilé ìṣọ́ kékeré kan, irin tó ń júwe ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí sì wà lórí rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà lára irin náà, S P R, ìyẹn Syston and Peterborough Railway, ilé iṣẹ́ tó la ọ̀nà irin yẹn. Ẹ fi rélùwéè sọ́kàn o, ó ṣì máa dá wàhálà sílẹ̀ nínú ìtàn yìí.

Láti ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ la fi rìn, kò jìnnà rárá. Ẹ kò tíì ní dé afárá odò Welland tí ẹ ó fi já sí títì tí wọ́n ń pè ní St Martin's, ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti rí i: igi ńlá kan tó dábùú títì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, orúkọ The George, ilé èrò àtijọ́ tí a wá wò, láàárín rẹ̀, tí àwọn mọ́tò ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tí kò mọ̀ á pè é ní pátákó ìpolówó. Igi ìyẹgi ni wọ́n fi ṣe àwòṣe rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ó ń kí arìnrìn-àjò olóòótọ́ káàbọ̀, ó sì ń fi ibi tí ìrìn adigunjalè máa parí sí hàn án. Èmi ò gbà pé olè kan tìtorí igi fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ rí, àmọ́ ewu ojú ọ̀nà nígbà náà kì í ṣe àlọ́. Dick Turpin, ìlúmọ̀ọ́ká adigunjalè, wọ́n yẹgi fún un ní York ní 1739, lójú ọ̀nà àríwá kan náà. Ẹ̀sùn tí wọ́n sì fi pa á kì í ṣe ti ìdigunjalè. Ẹṣin ló jí.

Ẹṣin yẹn ni kókó ọ̀rọ̀, ẹ ó rí i láìpẹ́.

A wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnu ọ̀nà tutù, ó sì ń rùn bí igi tí wọ́n ti fi ìda nù fún ọdún gbọọrọ. Yàrá méjì kọjú síra wọn lápá ọ̀tún àti òsì, pákó ni wọ́n fi bo ògiri wọn. Wọ́n kọ LONDON sára ilẹ̀kùn ọ̀kan, wọ́n kọ YORK sára èkejì. Ẹni tó ń lọ sí gúúsù á jókòó sí yàrá London, ẹni tó ń lọ sókè á jókòó sí ti York, títí ọkọ̀ rẹ̀ á fi dé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ báyìí ni ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Gáréèjì nìyí o! Ìbàdàn wọlé síbí, Ìlọrin wọlé sọ́hùn-ún!" Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe lóhùn jẹ́jẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìtura olówó ńlá: "York, York! Ó ku ẹnì kan, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín!" Obìnrin tó ń gba àlejò gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fa ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ wọn ò purọ́. Nígbà tí iṣẹ́ náà wà lójú ọ̀nà, ogójì ọkọ̀ ló ń yà sí The George lóòjọ́, 20 tó ń lọ sókè, 20 tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá pín in sí wákàtí 24, ọkọ̀ kan ní gbogbo ìṣẹ́jú 36 nìyẹn, tọ̀sán-tòru. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, kẹ̀kẹ́ onípákó ni, ẹṣin mẹ́rin ló ń fà á, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, níbí yìí kì í ṣe òwe.

A jókòó sí àgbàlá ilé náà, a ní kí wọ́n gbé tíì wá. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ewé ti gun ògiri, òdòdó wà káàkiri, àwọn ìyá àgbà sì ń jẹ kéèkì. Ilé ẹṣin ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ya ojú yín kúrò lára òdòdó yẹn, kí ẹ fi ìgbẹ́ ẹṣin, koríko gbígbẹ, irin pátákò tí wọ́n ń lù àti ariwo àwọn ọmọkùnrin tó ń tú ìjánu rọ́pò rẹ̀. Ibi tí owó ti ń wọlé gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bẹ́ẹ̀dì ni ilé èrò ojú ọ̀nà ń tà. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ èrò inú ọkọ̀ kì í sùn níbẹ̀ rárá, wọ́n á kàn mu nǹkan, wọ́n á lọ tọ̀, ọkọ̀ á gbéra. Ohun tí onílé èrò ń tà ni agbára ẹṣin tí kò tíì rẹ̀.

Báyìí ló ṣe rí. Ẹṣin tó bá ń sáré pẹ̀lú ọkọ̀ tó wúwo kò lè ju bíi máìlì mẹ́wàá lọ kó tó rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, láti London dé Edinburgh, tó tó 400 máìlì, ọkọ̀ ní láti pààrọ̀ ẹṣin ní bí ogójì ibi. Ta ló ní gbogbo ẹṣin wọ̀nyẹn? Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn onílé èrò tó wà lójú ọ̀nà ló máa ń dara pọ̀ ṣe é bí ẹgbẹ́: ìwọ lo ni ẹṣin láti ìlú tìrẹ dé ìlú kejì, èmi ni mo ni tèmi láti ibẹ̀ lọ, nígbà tó bá yá, a ó pín owó ọkọ̀ níye máìlì tí ẹṣin oníkálukú sá. Kódà ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń háyà á lọ́wọ́ ẹni tó kàn án, wọ́n á sì máa san owó máìlì fún un.

Ẹ̀gbọ́n gbé ife tíì wọn kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti wọ̀ wọ́n lára.

"Máìlì mẹ́wàá péré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wákàtí kan, ó parí."

"Èmi, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni òfin gbà mí láyè kí n wà kí n tó sinmi ìṣẹ́jú 45. Ẹṣin gbádùn jù mí lọ nígbà náà."

Mo sọ fún wọn pé ẹṣin tó bá wà lára ọkọ̀ tó ń sáré gan-an kì í lò ju bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọ́n á tà á fún àgbẹ̀ tàbí fún ẹni tí kò ní kánjú. Ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan. Wọ́n tún gbé ife wọn.

Ọkọ̀ lẹ́tà ọba ló wá sọ gbogbo rẹ̀ di eré àsápajúdé. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ọmọdékùnrin tó ń gun ẹṣin ló ń gbé lẹ́tà kiri, àwọn olè sì ń já a gbà lọ́wọ́ wọn bó ṣe wù wọ́n. John Palmer, ọkùnrin kan tó ni ilé tíátà ní ìlú Bath, ló wá sọ fún ìjọba pé kí wọ́n kó lẹ́tà sínú ọkọ̀ tó yára, kí wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ tì í. Ìlú Bristol ni èyí àkọ́kọ́ ti gbéra lọ sí London, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 1784. Nígbà tó fi máa di 1786, ó ti dé ọ̀nà Edinburgh. Ẹ̀ṣọ́ inú ọkọ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Aṣọ pupa ló ń wọ̀, ó jókòó lẹ́yìn lórí àpótí lẹ́tà, ìbọn ńlá kan àti ìléwọ́ méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní aago tí wọ́n tì pa sínú àpótí kó má baà lè yí i padà, ó sì ní fèrè gígùn kan. Fèrè yẹn kì í ṣe fún orin. Bó bá ku díẹ̀ kí wọ́n wọ Stamford, á fọn ọ́n, kí àwọn tó wà ní àgbàlá lè fa ẹṣin tuntun jáde. Ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á tú mẹ́rin, wọ́n á so mẹ́rin, kó tó ìṣẹ́jú méjì ọkọ̀ ti gbéra.

Fèrè kan náà ló ń pàṣẹ fún oníbodè. Àwọn tí bàbá wọn àgbà san owó oníbodè lẹ́nu odi ìlú yóò mọ bọ́rọ̀ náà ṣe rí. Lójú ọ̀nà àríwá yìí, ní Wadesmill, ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé irú bodè bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn òfin ọdún 1663: sanwó kí o tó kọjá, a ó fi owó náà tún ọ̀nà ṣe. Nígbà tó yá, bodè kún ojú títì káàkiri. Ọkọ̀ lẹ́tà ọba kì í san kọ́bọ̀. Bí oníbodè bá gbọ́ fèrè, ì báà jẹ́ òru ọ̀gànjọ́, kó yáa dìde ṣílẹ̀kùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtanràn ń bọ̀. Inú ẹ̀gbọ́n dùn sí èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ra fèrè.

Ní 1754, wọ́n polówó ọkọ̀ London sí Edinburgh pé ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ 12 nígbà òtútù. Ní àwọn ọdún 1830, ọkọ̀ lẹ́tà ń ṣe ọ̀nà kan náà ní nǹkan bíi wákàtí 45. Títì tí wọ́n tún ṣe àti ẹṣin tí wọ́n ń pààrọ̀ lemọ́lemọ́, kò sí idán mìíràn níbẹ̀.

Kì í ṣe pé ó rọrùn fún èrò o. Mẹ́rin ló ń wọ inú ọkọ̀. Àwọn tó kù, òkè ni wọ́n ń jókòó sí, pẹ̀lú òjò, pẹ̀lú yìnyín, pẹ̀lú oorun tó lè gbé èèyàn ṣubú, bí ìdajì owó ẹni tó wà nínú ni wọ́n sì ń san. Bí wọ́n bá yà láti jẹun, bí ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n ń fún wọn. Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn arìnrìn-àjò ayé ìgbà náà ni pé àwọn onílé èrò kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọbẹ̀ gbígbóná yọyọ wá, tí kò sẹ́ni tó lè fi kan ẹnu. Ẹ ti sanwó, fèrè ti dún, ẹ dìde. Ẹran tí ẹ fi sílẹ̀ á dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti rìn láti Èkó lọ sókè Ọya mọ irú àwọn olónjẹ bẹ́ẹ̀, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé náà ti dàgbà ju gbogbo eré ẹṣin yìí lọ. Apá tó pọ̀ jù lára ohun tí ẹ ó rí lónìí, William Cecil, Lord Burghley, olórí àwọn agbaninímọ̀ràn Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, ló kọ́ ọ ní 1597. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Sàréè rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Martin's, béèyàn bá gun òkè títì náà díẹ̀, ààfin rẹ̀, Burghley House, kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n abẹ́ ilé èrò náà ní yàrá òkúta kan tó ti wà ṣáájú Cecil, ọgbà tó wà lẹ́yìn sì ṣì ń jẹ́ ọgbà àwọn mọ́ńkì. Ìtàn ilé náà so ó mọ́ àwọn ajagun-ìsìn tó ń gba àwọn tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù lálejò.

Àwọn ọba náà yà síbẹ̀. Charles Kìíní sùn níbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1645, nígbà tí ogun abẹ́lé ti ń yíwọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún padà wá sí Stamford, àmọ́ kò wọ The George mọ́. Ó ti gé irun àti irùngbọ̀n rẹ̀, ó wọ aṣọ ìránṣẹ́, ilé aráàlú kan ló fara pamọ́ sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló lọ fi ara rẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun Scotland lọ́wọ́, ní 1649 wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ilé èrò a máa yangàn pẹ̀lú ọba tó sùn sínú rẹ̀. Mo rò pé èyí tí kò lè yà síbẹ̀ mọ́ ló sọ púpọ̀ nípa ibi tí ojú gbogbo èèyàn wà.

Àwòrán ọkùnrin kan tún wà ní The George tí ẹ kò ní lè kọjá láìdúró. Daniel Lambert ni. Ọmọ Leicester ni, olùṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, ìtóbi rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tí àwọn èèyàn ń sanwó wá wò. Ní oṣù Kẹfà 1809, ó wá sí Stamford nígbà eré ìje ẹṣin, ó dé sí ilé èrò mìíràn, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọmọ ọdún 39. Ó wúwo tó nǹkan bí 335 kílò. Wọ́n ní láti wó fèrèsé àti apá kan ògiri kí wọ́n tó gbé e jáde, wọ́n fi táyà igi sábẹ́ pósí rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ ní dídà kí wọ́n lè yí i wọ sàréè. Ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wà ní The George títí dòní. A lọ wo sàréè náà. Ohun tí wọ́n kọ sórí òkúta rẹ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rárá: wọ́n yin ìwà rẹ̀ àti bó ṣe mọ èèyàn bá ṣe faaji, kí wọ́n tó kọ iye tí ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀ wọ̀n. Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà.

Rélùwéè ló wá pa The George. Rárá, kò pa á, ó pa iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1846, ọkọ̀ lẹ́tà ẹlẹ́ṣin tó kẹ́yìn kúrò ní London. Ọ̀nà irin dé Stamford láti Peterborough lọ́dún yẹn kan náà, àmọ́ ọ̀nà kékeré ni. Èyí tó ṣe pàtàkì, Great Northern, tó rọ́pò títì àríwá gan-an, gba Peterborough kọjá lọ sí Grantham ní 1852, kò sì yà sí Stamford. Àwọn aráàlú di gbogbo rẹ̀ ru Marquess of Exeter, ọmọ ìdílé Cecil tó ń gbé Burghley, wọ́n ní òun ni kò fẹ́ kí rélùwéè gba ilẹ̀ òun. Ẹ̀bi náà ti lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ilẹ̀ ṣe rí àti ìnáwó náà wà níbẹ̀. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní 1856, ọkùnrin kan náà ló wá ti ọ̀nà irin kékeré kan lẹ́yìn, láti Stamford lọ sí Essendine, kí ìlú lè já sójú ọ̀nà Great Northern yẹn. Ó ti pẹ́ jù. Peterborough ti di ìlú rélùwéè ńlá, Stamford dúró sí ibi tó wà.

Bẹ́ ẹ bá wá rìn gba inú ìlú náà bí a ti rìn, ẹ ó rí èrè àìríṣẹ́ṣe yẹn. Kò sẹ́ni tó lówó láti wó ilé àtijọ́ kọ́ tuntun, nítorí náà gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, òkúta lórí òkúta, ju 600 ilé tí òfin ń dáàbò bò lọ. Ní 1967, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dá àgbègbè àtijọ́ sí, Stamford ni wọ́n kọ́kọ́ mú ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò lè sọ pé inú mi bà jẹ́ fún wọn.

Mọ́tò gbé títì náà dìde lẹ́ẹ̀kan sí i. Títí di 1960, kí wọ́n tó la ọ̀nà tó yí Stamford ká, abẹ́ igi ìyẹgi yẹn ni gbogbo ọkọ̀ A1 ń gbà, àti tirélà. Ẹ̀gbọ́n padà jáde lọ dúró sẹ́bàá títì, wọ́n fi ojú wọn gíga igi, wọ́n fi ọwọ́ wọn fífẹ̀ títì, wọ́n yí ọrùn wo kọ̀rọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ sí afárá. "Wọ́n gbìyànjú," ni wọ́n wí, bí awakọ̀ kan ṣe máa ń sọ ọ́ nípa òmíràn.

Nígbà tí a wọlé lọ sanwó tíì, wọ́n bi agbáwo náà léèrè iye tí yàrá kan jẹ́ fún òru kan. Ọmọkùnrin náà fi sùúrù sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́ kí ó má baà gbọ́: "Mo ní bẹ́ẹ̀dì nínú ọkọ̀ mi."